Ọkọ Mi Dọ̀bálẹ̀ fún Àna, Kò Lè Dìde Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. N kò kàwé o, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù.

Ọmọ Oǹdó ni mí, Àkúrẹ́ ni mo lọ́kọ sí. Láti ìgbà tí ìlú ti le yìí, Bàbá Fúnmi, ọkọ mi, kò bá mi lọ kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Á ní owó mọ́tò ti wọ́n jù. Ta ló máa jiyàn?

Ó ń lọ tọ̀ ṣáá, á sì pẹ́ níbẹ̀. Ó ní ọjọ́ ogbó ni. Ìdí ń dùn ún, a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo bá yọ ṣúgà kúrò nínú ògì rẹ̀.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń bínú pé ó kà wọ́n sí yẹpẹrẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó tẹ̀lé mi. Lọ́nà, ó ní kí dẹ́rẹ́bà dúró kóun tọ̀. Kò pẹ́, ó tún ní kó dúró! Àwọn èrò ń bi í bóyá odò ló gbé mì. Ojú tì mí!

A dé Oǹdó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àna. Wọ́n ní kó dìde. Kò dìde. Wọ́n rò pé ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan bú sẹ́rìn-ín:

“Àna, ó tó o! Àbí ẹ tún fẹ́ fẹ́ ìkejì lọ́dọ̀ wa ni?”

Èmi ni mo rí òógùn lọ́rùn rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ tì í, ó ní òun kò lè gbé ìdí nílẹ̀. Àyà mi já!

Ẹ̀gbọ́n mi náà ló bá mi gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, ti pírósítéètì tí ọkùnrin ní lábẹ́ àpò ìtọ̀. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ó ti dé egungun ẹ̀yìn.

Orí ibùsùn ló ti sọ fún mi pé kì í ṣe owó mọ́tò ni kò jẹ́ kóun máa bá mi lọ. Ẹ̀rù ń bà á kí ìtọ̀ má bọ́ sí i lára níwájú àna.

Wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ báyìí. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá wọ ilé ìwẹ̀, tó pẹ́, n kì í lè jókòó. Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo máa ń dúró sí.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò nígbà tí ara ṣì le. Ẹ̀yin ìyàwó, tí ọkọ yín bá ń sá fún ìrìn-àjò, ẹ má kàn bínú, ẹ bi í dáadáa.

Ṣé irú èyí ti wọ ilé yín rí? Ẹ kọ ọ́ síbí, wọn á kà á fún mi. Ẹni tí ara bàbá tirẹ̀ ti yá, kó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Òun ni mo fẹ́ gbọ́.