Eyín Ló Ń Dun Ajá Lánlọ́ọ̀dù Wa

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni lánlọ́ọ̀dù wa l'Ájàńgbàdì fi ń kán oògùn sójú ajá tí eyín ń dùn.

Abẹ́ ojú ajá náà ló wú. Bàbá lánlọ́ọ̀dù ní Ìyá Síkírá, ayálégbé ẹ̀yìnkùlé, ló sọ òkúta lù ú, wọ́n sì ní kó kó jáde kí oṣù yìí tó parí.

Lónìí, dókítà ẹranko dé láti Okokomaiko, ó ya ẹnu ajá. Eyín ńlá kan lókè ti là, ó ti jẹrà dé gbòǹgbò.

"Ọyún eyín ló wú jáde lábẹ́ ojú yìí. Ṣé ó máa ń jẹ irin ni, sà?"

Gbogbo wa wo ṣéènì tí bàbá fi ń so ó mọ́ géètì látàárọ̀ dalẹ́.

"Àwọn dókítà eyín ẹranko lè fọ inú gbòǹgbò ẹ̀, kí wọ́n dí i. Èmi ò ní irinṣẹ́ ẹ̀, àfi kí n yọ ọ́."

"Eyín ajá? Èmi gan-an ò rí dókítà eyín rí!"

Ó hàn, bàbá.

Ajá ò jẹ́ kí bàbá fọwọ́ kan òun. Ìyá Síkírá ló di orí ẹ̀ mú tí dókítà fi gún un lábẹ́rẹ́ kó tó yọ eyín náà.

Mo ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ òkúta yẹn ńkọ́?"

"Eyín yẹn ni òkúta náà bà."

Ojú tì mí, torí èmi náà kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ òkúta yẹn gbọ́. Bàbá ò yí ohùn padà: kí obìnrin náà ṣì kó jáde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní ẹ̀yin ni Ìyá Síkírá, ṣé ẹ máa di orí ajá náà mú?