Òkè Tí A Fi Ẹ̀yìn Gùn

Ọkọ̀ mi ni bàbá ìyàwó mi kọ́kọ́ rí tí kò fẹ́, kó tó wá kan èmi fúnra mi.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Atakpamé, mo sì ti ra àlòkù kàtírẹ́ẹ̀lì kan, ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú tí àwa òṣìṣẹ́ olówó-oṣù fẹ́ràn nígbà náà. Bàbá náà ń wa bàṣé, ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ta tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, láti Datcha títí dé ọjà Anié. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ti bàṣé lọ, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fa kàtírẹ́ẹ̀lì. Bàbá ní ewúrẹ́ nìkan ni òun mọ̀ tí wọ́n ń fà lọ́rùn kó tó rìn. Ó ní ohun tí mo rà yẹn, kì í ṣe ọkọ̀.

Èmi náà, ẹnu mi kì í dákẹ́. Mo ṣàlàyé fún un pé orí ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi jókòó lé, ìdí nìyẹn tí kì í fi í rì sínú iyanrìn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri ilé rẹ̀. Ó wo àwòrán náà dáadáa, ó ní kí n pa á rẹ́, kí n sì wá bá òun lọ sí Anié lọ́jọ́ ọjà.

Mo lọ. Ọjọ́ náà ni mo mọ ẹni tí mò ń bá jiyàn. Nígbà tí a dé kọ́nà kan tí òkúta wẹ́wẹ́ kún ojú rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí iná ọkọ̀, ó yí imú ọkọ̀ sínú kọ́nà, ó wá tẹ iná. Ìdí bàṣé yọ̀ síta bí ẹni ń jó. Ó yí ọwọ́ sí òdì kejì, jẹ́jẹ́, ọkọ̀ sì padà sójú ọ̀nà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́ta ló wà lẹ́yìn pẹ̀lú agbọ̀n ẹyin, ẹyin kan kò fọ́. Bí mo bá dán irú rẹ̀ wò nínú kàtírẹ́ẹ̀lì mi, imú rẹ̀ á kàn máa lọ tààrà sínú igbó ni.

Ohun kan wà tí gbogbo ọmọ agbègbè wa mọ̀ látìgbà èwe. Bí bàṣé bá ti dé ẹsẹ̀ òkè lásìkò òjò, awakọ̀ á ní, "Ẹ sún sẹ́yìn." Ìyá arúgbó á sún, ìyá ọlọ́mọ á sún, wọ́n á ti àpò àgbàdo sí ìdí ọkọ̀, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè rí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí rẹ̀ mọ́. Àṣà yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n dá fún wa láti wá tọrọ ọmọ náà. Orí òkè kan ní ẹ̀yìn Datcha ni ilé wọn wà. Àwọn àgbà ìdílé ní àwọn á jókòó dè wá títí agogo ọ̀sán ṣọ́ọ̀ṣì yóò fi dún. Bí agogo bá dún tí ẹbí ọkọ kò tíì dé, wọ́n á dìde, wọ́n á sì gbà pé ọkọ kò fẹ́ mọ́. Ẹjọ́ kò sí níbẹ̀, òjò kì í sì í ṣe àwáwí.

Àwa mẹ́ta la lọ: èmi, ìyá mi, àti àbúrò bàbá mi tó dúró ní ipò bàbá mi tó ti kú. A di ogún iṣu àti garawa sọ̀dábì kan, ògógóró tiwa, sínú ọkọ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, kò sì tíì dá. Nígbà tí a dé ìdajì òkè, ẹsẹ̀ iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán nínú ẹrẹ̀ pupa, ọkọ̀ kò lọ mọ́.

Àbúrò bàbá mi ní kí a sún sẹ́yìn. Kí ni kí n sọ? Èmi tí mo ya àwòrán sára ògiri, mo gbàgbé àwòrán mi. A kó gbogbo iṣu sí ìdí ọkọ̀, ìyá mi àti àbúrò bàbá mi jókòó sẹ́yìn, a tún wá òkúta mẹ́rin kún un. Bí a ṣe ń fi ẹrù kún ẹ̀yìn ni iwájú ń fúyẹ́ sí i. Mo tẹ iná títí ẹ́ńjìnnì fi ń ké, ọkọ̀ sì ń yọ̀ padà lọ sínú kòtò. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ẹ̀rù bà mí débi pé omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń purọ́ fún ara mi pé òjò ni.

Ìgbà náà ni mo rí bàbá tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, agboòrùn lọ́wọ́, ó ká aṣọ ńlá rẹ̀ dé orúnkún. Ìyá mi fi gèlè bo ojú. Bàbá ìyàwó kì í jáde wá pàdé àna lójú ọ̀nà; inú ilé ló yẹ kó jókòó sí, bí ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé àlejò ń bọ̀. Àbúrò bàbá mi dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì.

Bàbá ní kó dìde. "Bàbá ìyàwó wà nílé, ó jókòó. Awakọ̀ lẹ rí yìí."

Ó lóṣòó ti ẹsẹ̀ iwájú, ó ní kí n tẹ iná díẹ̀. Ó wò ó bó ṣe ń yí. Ó wo òkúta tó wà lẹ́yìn, ó wo ojú mi, kò sì sọ nǹkan kan nípa ewúrẹ́. Ó ní kí a da òkúta nù, kí àbúrò bàbá mi bọ́ síwájú, kó kó iṣu sí itan àti sí abẹ́ ẹsẹ̀. Ó wọlé sípò mi, ó rọra jẹ́ kí ọkọ̀ yọ́ sọ̀kalẹ̀ dé ibi tó fẹ̀, ó yí i padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn gun òkè. Iwájú ọkọ̀ ló wá wà nísàlẹ̀, gbogbo ẹrù dà sórí ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ náà sì di ilẹ̀ mú. Ó yọ orí síta fèrèsé, kò yára, kò dúró, kò tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi àti ìyá mi ń fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e. Ọkùnrin yìí kò wa irú ọkọ̀ náà rí láyé rẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ ká dé ilé, ó bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Yí i padà, kí ẹ fi ojú wọlé àna yín." Ó gba inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ.

Nígbà tí a wọlé, ó ti wà lórí àga rẹ̀ láàárín àwọn àgbà, ó ti fọ ẹsẹ̀. Ó béèrè bí ọ̀nà ti rí. Mo ní ọ̀nà dára, Bàbá. A ń kó iṣu wọlé lọ́wọ́ nígbà tí agogo dún.

Kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó ta bàṣé, èmi ni mo sì ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Atakpamé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, bí a ti ń padà bọ̀, a dé ẹsẹ̀ òkè náà. Ọ̀nà gbẹ, kò sí ẹrẹ̀ níbì kankan. Ó ní kí n yí ọkọ̀ padà, kí n fi ẹ̀yìn gùn ún. Mo yí i. Ó jókòó, ó ń wo ọ̀nà tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wakọ̀ bó ṣe ń jìnnà sísàlẹ̀ níwájú wa.

Ó ní, "Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé ẹ kò ní í wá mọ́. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì yín nísàlẹ̀. Mo ní ẹni tó lè fìyà jẹ ọkọ̀ tó báyìí, ó fẹ́ ọmọ mi."

Mo tún yí ọkọ̀ padà lókè, mo sì fi ojú wọlé rẹ̀.