Odò Tó Ń Ṣàn Lọ Sí Àríwá

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Thamesmead, ní London, kí n tó pinnu pé nọ́ọ̀sì ni mo máa ṣe, ẹni tó bá máa bínú kó bínú. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ yege ní kíláàsì àgbàlagbà kan ní Woolwich. Mo yege nínú gbogbo ẹ̀, ó wá ku jọ́gíráfì.

Tíṣà wa, ọmọ òyìnbó kan tí mo lè bí, fún wa ní máàpù odò kan tó gba inú igbó ilẹ̀ olótùútù, níbi tí yìnyín ti ń bo igi fún bí ìdajì ọdún. Ó ní ká fi ibi tí odò ti ṣẹ̀ hàn, ká fa ilà sórí òkè tó pín omi sọ́tùn-ún sósì, ká sì fi ọfà tọ́ka síbi tó ń ṣàn lọ. Kíá ni mo ṣe tèmi tán. Ìsàlẹ̀ ìwé ni mo kọjú gbogbo ọfà sí, torí ní Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí mi sí, gúúsù, lọ́dọ̀ ọ̀sà, ni gbogbo odò tí mo mọ̀ ń lọ. Tíṣà ní mo gbé e sódì, àríwá ló ń ṣàn lọ. Mo bá a jiyàn! Mo ní omi kì í gun òkè. Ó kàn fi bírò tọ́ka sáwọn nọ́ńbà tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó, tí mi ò tiẹ̀ wò. Ojú tì mí débi pé ara mi gbóná. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré láti tún un ṣe. Bí mo bá tún kùnà, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Auntie kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Kí ló kan odò kan abẹ́rẹ́? Fi í sílẹ̀ jàre!"

Mo ní, "Auntie, ẹ ṣáà máa wò mí."

Láàárọ̀ Saturday, lẹ́yìn tí òjò dá, mo ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Plumstead lọ síbi iṣẹ́. Àgbàrá ń bá mi sọ̀kalẹ̀, ó ń lọ sọ́dọ̀ Thames. Mo wo oòrùn: apá ọ̀tún mi ló wà. Háà! Àríwá ni mo kọjú sí! Láti ọdún mẹ́sàn-án yìí wá, omi ń ṣàn lọ sí àríwá níṣojú mi kòrókòró! Mo padà gun òkè náà dé téńté. Ní òdìkejì, ọ̀nà míì ni àgbàrá gbà. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọ́n bú mi.

Gbogbo ọjọ́ tó kù, orí itan mi ni máàpù wà nínú bọ́ọ̀sì. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni mo fìka tọ̀.

Lọ́jọ́ tó pé, mo dúró níwájú kíláàsì. Mo mú odò náà látorí òkè tó ti ṣẹ̀, mo bá a gba inú igbó, ó di etí òkun àríwá. Tíṣà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú ṣáká. Ó ní mo yege. Mo bú sẹ́kún, mi ò tijú ẹnì kankan.

Ó ní wọ́n á fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sílé tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì. Mo nu ojú. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi báyìí pé mo yege, kó sì fọwọ́ sí i: mo fẹ́ gbé e dé ilé ìwé nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó tilẹ̀kùn lónìí.