Ta Ló Wà Nínú Fídíò Yín?

Bàbá Wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ẹ bá ní kó wá so fídíò mọ́ tẹlifíṣọ̀n yín, kò ní kọ́kọ́ béèrè ibi tí iná wà. Yóò jókòó ti ẹ̀rọ náà, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná, yóò wá ní, "Ta ló wà nínú fídíò yín?" Àwọn ọmọdé á bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń bo ẹnu. Ìbéèrè náà ní ìdí, nítorí èéfín kì í dá rú láìsí iná nísàlẹ̀.

Ọkùnrin yìí kò mọ̀wé. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ìlà lásán ni lójú rẹ̀. Òwú ló fi ń ṣàmì: òwú pupa níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde, òwú dúdú níbi tó ti ń wọlé. Bó bá ń ṣàlàyé fún onílé, á ní bí ìgbà tí wọ́n ń ránṣẹ́ láti ẹnu dé ẹnu ni. Àwo orí òrùlé gbọ́ ọ̀rọ̀ lójú sánmà, ó sọ fún dẹkódà. Dẹkódà sọ fún fídíò. Fídíò wá sọ fún tẹlifíṣọ̀n, ẹlẹ́nu bí ajere tí kò lè pa ohunkóhun mọ́ra, òun ló ń tú u síta fún gbogbo ilé. "Ẹnì kan ò gbọdọ̀ fo ẹnì kejì," ló máa ń wí. "Bí ẹ bá fo fídíò, tẹlifíṣọ̀n á ríran, àmọ́ fídíò ò ní rí nǹkan kan rántí."

Àṣà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di pé ó ń béèrè ìbéèrè yẹn: kì í kúrò nílé oníbàárà láìdán iṣẹ́ wò. Yóò tẹ bọ́tìnnì pupa, fídíò á gba ohun tí dẹkódà ń sọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, òun á dá a padà, kí onílé lè fojú ara rẹ̀ rí i. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá bá nínú ẹ̀rọ ló sì fi ń dán an wò. Ibẹ̀ lẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀.

Opó kan ló pè é lọ́jọ́ kan, aránṣọ ni. Ó ti pé ọdún méjì tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, láti ìgbà náà ni fídíò ọkùnrin náà sì ti wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ wọn obìnrin ra àwo àti dẹkódà ránṣẹ́, kí ilé má baà dákẹ́ jù fún ìyá rẹ̀. Bàbá Wáyà gbé fídíò jáde, ó nu eruku ara rẹ̀, ó so òwú rẹ̀, ó tún aago ojú rẹ̀ ṣe, ó sì dán an wò. Àwòrán mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Obìnrin náà wà nídìí iṣẹ́ ní yàrá kejì, ó kàn dúpẹ́ láti ibẹ̀ ni, Bàbá Wáyà sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹfà, opó náà fúnra rẹ̀ ló wá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Wáyà, pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. Kò pariwo. Ó sọ pé kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ẹ̀rọ náà, ọkọ òun ló wà níbẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọ ilé. Ó ń gbé àga, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kò tún síbòmíràn tí ohùn rẹ̀ kù sí láyé. Àmọ́ láti ìjọ́sí, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, fídíò á la ojú pupa rẹ̀, iná kékeré iwájú rẹ̀, fúnra rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni òun mọ̀, èyí tó ń mú un sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì ń ba òun láti fa wáyà yọ, kí ẹ̀rọ má lọ run kásẹ́ẹ̀tì lẹ́nu.

"Àwọn àjèjì wà nínú ilé mi, Bàbá Wáyà," obìnrin náà ní. "Ibi tọ́kọ mi ti ń gbé àga wọlé, ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló jókòó síbẹ̀, tó tẹjú mọ́ mi. Díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ibi tí wọ́n bá jẹ ẹ́ dé lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Bàbá Wáyà dìde. Wọ́n jọ rìn délé obìnrin náà. Ìgbà tó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ ló tó jẹ́wọ́.

"Ìyá Aránṣọ, àjèjì àkọ́kọ́, èmi ni mo mú un wọlé. Orí kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo gbà á sílẹ̀ sí nígbà tí mo ń dán iṣẹ́ wò."

 Obìnrin náà ní ṣé ó lè gba èyí tí wọ́n ti jẹ padà. Bàbá Wáyà ní rárá, èyí tó lọ ti lọ, èyí tó kù ni kí àwọn dì mú. Ó tún ní bóyá àtàǹpàkò òun ló ṣèèṣì pàṣẹ fún ẹ̀rọ kó máa gba nǹkan sílẹ̀ lójoojúmọ́, nígbà tí òun ń tún aago ṣe, nítorí fídíò tí kò rí iná fún ọdún méjì kò lè rántí wákàtí kankan. Ohun tí kò yé òun ni pé kí ló dé tó jẹ́ aago mẹ́rin gan-an.

"Aago mẹ́rin ló máa ń ti ibi iṣẹ́ dé," ni aránṣọ wí. "Á jókòó síbẹ̀ yẹn, á tan tẹlifíṣọ̀n."

Àga onírọ̀rí kan lẹ́yìn wọn ló nawọ́ sí. Bàbá Wáyà kò wẹ̀yìn.

Ó rọra yọ kásẹ́ẹ̀tì jáde, ó sì fi etí kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ hàn án. Ó gba àlùmọ́gàjí obìnrin náà, ó fi ṣẹ́ etí náà, ó ró pọ́. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì tí kò létí kì í gbàṣẹ mọ́. Ẹ̀rọ lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò lè kó òmíràn lé e. Ó fẹ́ gbé e lé e lọ́wọ́, obìnrin náà kọ̀. Ó ní kó dá a padà sínú ẹ̀rọ, ojú ara òun lòun fẹ́ fi rí i pé kò lè jẹ ẹ́ mọ́, nítorí òun lòun máa bá a gbélé.

Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí. Nígbà tí aago di mẹ́rin, ojú pupa là. Nǹkan kan kùn nínú fídíò. Lẹ́yìn wọn, àga onírọ̀rí náà dún kẹ́ẹ́, bí àga tí ẹni tó ti rẹ̀ jókòó lé. Ẹnikẹ́ni kò yíjú. Ni fídíò bá rọra yọ kásẹ́ẹ̀tì síta bí ahọ́n, ó sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà gbà á. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ èèyàn.

Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó jọ wo ohun tó kù. Kò pọ̀. Ọkọ rẹ̀ fi àga sílẹ̀, ó nu òógùn, ó rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ya àwòrán, ó ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sinmi." Gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Wáyà ní kí òun wá àṣẹ aago mẹ́rin náà pa rẹ́. Aránṣọ fi gèlè nu ojú, ó fi kásẹ́ẹ̀tì sínú àpótí òwú, ó ti ìdérí rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí. "Kò sí nǹkan tó fẹ́ jẹ mọ́. Ẹni tó bá ń dé láago mẹ́rin, kó máa dé."

Bó ṣe wà nìyẹn. Tó bá di aago mẹ́rin nílé náà, ojú pupa á là lórí ẹnu òfìfo, ẹsẹ̀ aránṣọ á sì dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, títí ojú náà yóò fi pa dé. Bàbá Wáyà ò sì jẹ́ fọwọ́ kan fídíò ẹnikẹ́ni mọ́, àfi kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó wà nínú rẹ̀.