Sístà Àgbà Wọ́ọ̀dù Wa

Kò sí nọ́ọ̀sì tó lè lọ sílé láìdáhùn ìbéèrè sístà àgbà wa. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tíì, wọ́n á ní, "Kí lo ṣe lónìí tó tu ẹnìkan lára?" Wọ́ọ̀dù àwọn alárùn jẹjẹrẹ la wà, ní Johannesburg níbí. Èmi nìkan ni wọ́n máa ń fi Yorùbá bi, Yorùbá Ìjẹ̀ṣà wọn tó dùn létí.

Lọ́jọ́ tí ìyá kan tí mo tọ́jú fún oṣù méje kú, mo kọ lẹ́tà pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní, "Mà, kò sí. Iṣẹ́ yìí ti sú mi."

Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n fà mí jókòó. "Áà, ọmọ mi. Ó yẹ kó sú ẹ. Ṣùgbọ́n ta ló fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ẹsẹ̀ ìyá yẹn láàárọ̀, tí ìyá fi rẹ́rìn-ín?"

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tẹ́rùn, wọ́n sì fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Mo fa lẹ́tà náà ya.

Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, wọ́n ti padà sí Iléṣà. Nígbà tí mo pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní àwọn ṣì máa ń jí múra iṣẹ́ kí àwọn tó rántí. A jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún wọn pé ẹlòmíràn ti wà ní ọ́fíìsì wọn, àti pé ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà wọlé, kí n má baà rí ẹni yẹn lórí àga wọn.