Kọ́mà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Fi Síbẹ̀

Tísà wa máa ń de táì nínú oòrùn ìlú wa, Tchaourou, nígbà tí ewúrẹ́ pàápàá ń wá ibòji. Ó ti gbé Nàìjíríà rí, ó sì mú fìlà òyìnbó kan àti èdè Gẹ̀ẹ́sì bọ̀. Faransé ló ń ṣàkóso wa, síbẹ̀ abẹ́ igi máńgòrò nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè la ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ríṣẹ́ akọ̀wé lódìkejì ààlà kò ní í bá wọn lọ fọ́ òkúta fún kọmandá Faransé lójú ọ̀nà. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sì ti wà lẹ́nu ìránṣẹ́ olóyè tó ń kó àwọn èèyàn lọ síbẹ̀.

Kọ́mà ni Tísà fẹ́ràn jù.

"Bí 'but' tàbí 'and' bá so gbólóhùn méjì pọ̀," á ní, "tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní baálé tirẹ̀, ẹni tó ń ṣe nǹkan inú rẹ̀, ilé méjì ni. Ẹ fi kọ́mà ṣe ọgbà kí ó tó wọlé. Bí èkejì kò bá ní baálé, yàrá lásán ni. Ta ní ń ṣọgbà fún yàrá?"

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. "'I sold the yams, but the train had gone.' Èmi ni baálé kìn-ín-ní, ọkọ̀ ojú irin ni èkejì. Kọ́mà wà níbẹ̀. 'I sold the yams and went home.' Baálé kan ṣoṣo. Kò sí kọ́mà."

Inú Tísà dùn bíi pé òun ló bí ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́jọ́ kan, Alájì kan tó ń ra iṣu lọ sí Nàìjíríà wá wá akọ̀wé. Ó na ìwé kan sí ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú kálàmù, ìwé tí ó fúnra rẹ̀ kọ. Kò sí kọ́mà kankan nínú rẹ̀.

"Fi kọ́mà síbi tó yẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ètè kà á tán. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà bó ṣe gbà á.

"O ò fi nǹkan kan síbẹ̀."

"Ìwé yín ni, Alájì."

Ó yà mí lẹ́nu. Nílé kéwú wa, ẹni tó bá fi yíǹkì tàdáwà kan pátákó wàláà ẹlòmíràn, pàṣán ni Àáfà máa fi kí i. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe wàláà, Alájì ló sì ní kó kọ ọ́.

Tísà já ìwé náà gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n kọ́mà sí i bí ẹni ń fọ́n iyọ̀ sẹ́ran, ilé àti yàrá, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Alájì ń wo bí ọwọ́ náà ṣe ń yára.

"Ìwọ gan-an ni mo ń wá."

A rẹ́rìn-ín, a rò pé ó ń ṣeré. Tísà kò rẹ́rìn-ín. Ó gun ọkọ̀ Alájì, táì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn wo pátákó rẹ̀ lábẹ́ máńgòrò.

Kò pẹ́ tí ìránṣẹ́ olóyè fi wá mú ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti ojú ọ̀nà bọ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo iṣu. Mo bi í pé, "Àbí ẹ gbàgbé ibi tí kọ́mà wà lọ́jọ́ náà ni?"

Ó ka ìwé Alájì fún mi láti òkè délẹ̀, láìwo ìwé kankan. Gbogbo ibi tó yẹ kó dúró ló ti dúró.

"Kí ló wá dé tí ẹ ò fi wọ́n síbẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tó ní kí òun lọ fọ́lé.

"Ìwé ẹlòmíràn?"

Mo ti lọ sí yunifásítì láti ìgbà náà. Ìwé ẹlòmíràn ni mo ń fi kọ́mà sí jẹun báyìí. Kí n tó fi kálàmù kàn án, mo ṣì máa ń wẹ̀yìn wò bóyá Àáfà ń bọ̀.