Omi Inú Ẹ́ńjìnnì

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́. Àwa mẹ́ta la wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Orè: èmi, mẹkáníìkì, àti ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n jókòó sórí táyà ògbólógbòó kan, tí wọ́n fi ìborùn bo imú nítorí eruku.

Ọkọ̀ ìyàwó mi la fẹ́ gbé. Nígbà ayé rẹ̀, ó fi ń kó epo pupa láti Ajue wá sọ́jà, ó sì fi ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé àdúrà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Látìgbà tó ti kú, ọ̀kadà ni Màmá ń gùn. Wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a tún ọkọ̀ náà ṣe.

Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, ó ní iṣẹ́ parí. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó dún kọ́, ó dákẹ́. Ó yẹ bátìrì wò, kò ṣe nǹkan kan. Ó tú sítátà, ó dán an wò nílẹ̀, ó ń yí. Ó wá ki sípánà bọ bóòtù iwájú ẹ́ńjìnnì, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì ò mira. Ó ti gan.

Ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ yín ń ṣe agídí bí àna tí wọn ò fún lẹ́ran."

Màmá dá a lóhùn lórí táyà: "Èmi àna rèé. Ta ló fún mi lẹ́ran?"

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tú púlọ́ọ̀gì, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò kan, ó fà á jáde. Omi pupa ló bá a jáde. Inú irin ti dípẹtà.

"Ta ló da omi sínú ẹ́ńjìnnì yìí?"

Mo mọ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sìnkú bàbá rẹ̀, ó ti tú púlọ́ọ̀gì, ó fi ihò wọn sílẹ̀ gbayawu. Màmá gbé omi àdúrà lọ láti ya ọkọ̀ náà sí mímọ́, bí ìjọ wọn ti ń ṣe sí ohun tí a bá ń tún ṣe. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n sọ fún mi pé àwọn ò wọ́n ọn sára lásán, àwọn dà á sí i lọ́kàn. Inú wọn dùn. N ò tí ì rí i kí inú wọn dùn bẹ́ẹ̀ látìgbà ìsìnkú ọmọ wọn.

Irú omi yẹn náà ni wọ́n ń fún ọmọ wọn mu nígbà àìsàn rẹ̀.

Màmá ń wò mí.

"Òjò ni," mo sọ.

Mẹkáníìkì wo páànù tó bo orí wa. Ó wo eruku ọyẹ́ lóde. Ó wo ìgò omi àdúrà tó wà lẹ́sẹ̀ Màmá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Òjò ni."

Màmá ní òjò ọ̀gbẹlẹ̀ ò dáa rárá. Mẹkáníìkì rọ epo dísù sínú ihò náà kí ìpẹtà lè tú, ó ní kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Bí kò bá yí, kí n gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ìsinmi, kò yí. Màmá ti fi ìgò omi míì rán mi láàárọ̀ náà, pé kí n dà á sí i. Mo dé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fi omi náà fọ gíláàsì iwájú, níbi ìjókòó ìyàwó mi, títí ìgò fi gbẹ. Mo padà sílé, mo pe ọ̀kadà fún Màmá, mo ní kí ọlọ́kadà rọra sáré. Mo gun òmíràn, mo tẹ̀ lé wọn lọ sílé àdúrà.